Àyọ̀ká àti Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́ Wa

Èmi ni mo fa wàhálà náà lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí pé ní Sokoura níbí, bí o kò bá ro ẹjọ́ ara rẹ, àwọn ará àdúgbò á bá ọ rò ó, wọ́n á sì fi ata sí i. Ṣàkírù ni orúkọ mi. Mò ń kọ pátákó fún àwọn tó ní ìsọ̀ ní Bouaké. Èmi ni mo kọ pátákó sí iwájú ilé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà níbí, tí mo kun ìyá adìẹ kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ sí i, tí mo sì fi lẹ́tà pupa gbàǹgbà-gbàǹgbà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ilé ìtọ́jú ọmọ nìyí. Mo fẹ́ kí inú Àyọ̀ká tó ń tọ́jú àwọn ọmọ níbẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì dùn. Kò pé oṣù kan, ọkùnrin kan tó gun alùpùpù dúró níwájú pátákó náà, ó fi fóònù rẹ̀ yà á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wù ú.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́. Nígbà tó yá, ìwé dé láti ọ́fíìsì owó orí. Àyọ̀ká kà á lórí ìdúró, ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Bùọ̀dá Ṣàkírù, wọ́n ní oníṣòwò ni mí."

"Òwò wo?"

"Wọ́n ní ilé yìí ń ṣòwò, kò sì san owó orí rí. Bí a ò bá yanjú ẹ̀ kí oṣù kẹfà tó parí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa."

Ẹ̀rín pa mí, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Bí èyí tí Àyọ̀ká ń ṣe bá jẹ́ òwò, a jẹ́ pé ẹni tó bá fa àgbàlagbà lọ́wọ́ kọjá títì, awakọ̀ takisí ni.

Kumasi ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ, ní ìparí ọdún 1969. Yàkúbù bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, kó ìyàwó àti ọmọ kan ṣoṣo tó bí sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n dípò kó dorí kọ ilé, Bouaké ló sọ̀ sí, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti ń tajà níbí. Inú ọkọ̀ yẹn ni ìdílé tiwa náà wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, orí itan mi ni Àyọ̀ká sùn sí. Títí di òní, bó bá fẹ́ ṣe fọ́ńté sí mi, mo máa ń rán an létí pé ó tọ̀ sí mi lára kí a tó dé ẹnu bodè.

Ó lọ sílé ìwé Faransé, ó gba ìwé ẹ̀rí nígbà tí àwa ọkùnrin ń sá kiri ọjà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń na aṣọ síwájú iná wá ibi tí òwú ti já. Nígbà tí wọ́n dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró níbẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n gba ọjà lọ. Àyọ̀ká ní kí wọ́n máa gbé àwọn ọmọ náà wá sọ́dọ̀ òun. Mẹ́ta ni wọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó háyà ní àdúgbò N'Gattakro. Nígbà tí àyè kò gbà wọ́n mọ́, ẹgbẹ́ ní kó máa lo ilé ìpàdé wa. Wọ́n ti di mẹ́rìndínláàádọ́ta báyìí: ọmọ Baoulé, ọmọ Dioula, ọmọ Anago bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbí, tí gbogbo wọn ń sunkún lédè kan náà bí ebi bá dé. Ìyá tó bá ní ìrẹsì á mú ìrẹsì wá, èyí tó bá ní ọṣẹ á mú ọṣẹ wá, èyí tí kò bá ní nǹkan kan á gbé ọmọ rẹ̀ wá. Àyọ̀ká kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan ló sọ fún un pé ìjọba ní ìwé kan tí wọ́n fi ń dá ẹgbẹ́ tí kì í jèrè sílẹ̀ lọ́wọ́ owó orí, pé exonération ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀: òfin ẹgbẹ́, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ọdún tí a bí wọn, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn àti àwọn tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ààrẹ. Gbogbo rẹ̀ la ní. Àyọ̀ká ni akọ̀wé wa láti ọdún mẹ́rìnlá, kò sì sí ẹgbẹ́ Anago kankan ní Bouaké tí ìwé rẹ̀ mọ́ tó tiwa. Ó da orúkọ méjìdínlógójì kọ láti inú ìwé ẹgbẹ́, ó to gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní dósíyè, èmi àti òun sì gba ọ́fíìsì lọ. Ṣe ni mo ń yan bí ẹni tó ń lọ gba oyè.

Madame Ramatou ni obìnrin tó gbà wá lálejò. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó wọ awò ojú, ó fi èdè Dioula kí wa, ó fún wa ní ìjókòó. Ó ṣí dósíyè, ó ń kà á, ó ń mi orí, àfi bó ṣe dúró lójijì.

"Ààrẹ yín, Monsieur Àwáàlù. Ṣé ọdún 1908 ni wọ́n bí wọn lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, madame," Àyọ̀ká ní.

"Wọ́n sì wá sípàdé ní Sọ́ńdè tó kọjá?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ n purọ́, èmi náà mi orí pé wọ́n wà níbẹ̀.

"Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ló jókòó sípàdé, tó tún fọwọ́ síwèé?"

Ẹ dákun, ẹ má tíì fi wá rẹ́rìn-ín. Ọdún 1971 ni àwọn bàbá wa ṣí ìwé orúkọ ẹgbẹ́. Ní Ghana, ìwé orúkọ ni wọ́n fi lé wọn: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kó máa bọ̀ nílé. Nígbà tí wọ́n wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Bouaké, wọ́n búra pé orúkọ tó bá ti wọ ìwé tàwọn, ẹnikẹ́ni kò ní pa á rẹ́ mọ́, ikú pàápàá kò ní pa á rẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe orúkọ ẹni tó ti kú nípàdé, ọmọ rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ á dìde, á ní, "Wọ́n wà," akọ̀wé á sì sàmì sí i. Ọdún 1987 ni Bàbá Àwáàlù kú. Láti ìgbà yẹn, Bàbá Sàkàrìyáù ló ń ṣe iṣẹ́ ààrẹ, ṣùgbọ́n orúkọ Bàbá Àwáàlù ni wọ́n ń kọ bí wọ́n bá ń fọwọ́ síwèé, kí orúkọ olóògbé má baà kúrò nípò. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún tí a ti ń pe orúkọ bẹ́ẹ̀, kò sì jọ wá lójú rí. Ìgbà tí obìnrin yìí kà á jáde ní ọ́fíìsì ni etí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Àyọ̀ká ṣàlàyé fún un. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Madame Ramatou bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mélòó nínú àwọn méjìdínlógójì yìí ló wà láàyè?"

Àyọ̀ká fi ìka kà wọ́n. "Mọ́kànlá."

Obìnrin náà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe kéèyàn fọwọ́ síwèé lórúkọ òkú? Ayédèrú ni. Ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín wá ńkọ́? Nọ́ńbà wo ni tiyín?"

Àyọ̀ká mú ìwé náà. Ó wò ó láti ọ̀kan dé méjìdínlógójì, ó wò ó padà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, orúkọ lẹ́yìn orúkọ, kò sì kíyè sí i.

"Mi ò sí níbẹ̀," ó ní.

"Ta ló ń tọ́jú àwọn ọmọ yẹn?"

"Èmi ni."

"Ta ló kọ ìwé ìpàdé yìí?"

"Èmi ni. Orúkọ bàbá mi ni mo ń jẹ́ nípàdé. Yàkúbù. Nọ́ńbà kẹrìnlá."

"Ṣé wọ́n wà láàyè?"

Àyọ̀ká da ìwé náà dé lórí tábìlì. Mo wò ó, mo rí i pé ìbéèrè náà bá a níbi tí kò rò.

Èèyàn gidi ni Madame Ramatou, ẹ má jẹ́ kí n ṣe àìmoore. Ó ní òun kò ní gba ìwé yẹn wọlé. Ó ní kí a lọ kọ òmíràn, òun á sì wá jókòó sípàdé wa fúnra òun. Orúkọ tó bá wà nínú ìwé tuntun náà, ẹni tó ni ín ni kó fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kan kò gbọdọ̀ ta á lólobó. Bí ẹyọ orúkọ kan kò bá ti dáhùn, òun á pa dósíyè dé, kí wọ́n wá máa ti ilẹ̀kùn ilé ọmọdé. Ó sì ní orúkọ ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ilé Bàbá Sàkàrìyáù la gbà lọ tààrà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, wọ́n jókòó lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. A sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ké mọ́ wa.

"Kí n lé Àwáàlù? Ghana lé e, èmi náà kí n tún lé e? Ẹ jáde ńlé mi!"

Inú ti ń bí mi láti ọ́fíìsì. Mo ní, "Bàbá, Bàbá Àwáàlù ò ní lọ sẹ́wọ̀n o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i lẹ máa lọ."

Bàtà ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n jù lù mí, ó sì bà mí. Ó tọ́ sí mi. Àyọ̀ká ló kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí Bùọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ẹgbẹ́, tó ń dáná ọjọ́ ọdún, tó ń wẹ òkú obìnrin fún wa, mo wá wọn nínú ìwé wa lónìí, mi ò rí ẹyọ kan. Mo wá ara mi, mi ò rí i. Mo wá ààrẹ, mi ò rí yín."

"O ò rí mi bíi ti báwo?"

"Ẹ̀yin ni nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Bàbá. Ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni wọ́n kọ síwájú orúkọ yín."

"Lásán?"

"Lásán ni, Bàbá."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ wọn. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni bàbá yìí fi parí ìjà tọkọtaya fún wa, tí wọ́n fi gba ọmọ wa sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n fi ṣáájú wa lọ síbi ìsìnkú, kò sì sí ìwé kan láyé tó pè wọ́n ní ààrẹ. N kò rí àgbàlagbà tí ẹnu yà tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò sẹ́ni tí yóò pa bàbá ẹlòmíràn rẹ́," wọ́n ní nígbẹ̀yìn. "Kí wọ́n pe ìwé àtijọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Oníkálukú ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ti bàbá tirẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe péjọ ní Sọ́ńdè kejì. Madame Ramatou jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi gèlè borí, ìwé tuntun wà lórí itan rẹ̀. Àyọ̀ká dúró síwájú pẹ̀lú ìwé ọdún 1971, ó pe orúkọ kìíní: Àwáàlù. Ọmọ ọmọ wọn, ọkùnrin tó ti hu ewú fúnra rẹ̀, dìde. Ó ti la ẹnu láti ní wọ́n wà, ó gbé e mì. "Bàbá wa ti lọ," ó ní. Obìnrin kan lẹ́yìn mi pariwo, "Yéè!" bí ẹni pé òní ni ìròyìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an wà níbi ìsìnkú bàbá yẹn. Orúkọ kejì, orúkọ kẹta. Bí wọ́n bá ti pe òkú kan, ọmọ rẹ̀ á dìde, á sọ ọ́, á sì jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo sọ ti bàbá tèmi náà, nọ́ńbà kẹsàn-án. N kò mọ̀ pé mo ṣì ní omijé fún wọn.

Gbogbo wa ń dúró de nọ́ńbà kẹrìnlá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Bouaké, Abidjan ni Àyọ̀ká wà, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ kan. Wọ́n dí ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ìbọn ti ń dún, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé bàbá rẹ̀ lọ. Èmi pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méje la sáré sin wọ́n. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni Àyọ̀ká tó ráyè padà. Kò bi mí ní ibi tí sàréè wà. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tó wá sípàdé, wọ́n pe Yàkúbù, ó fò dìde, ó ní, "Wọ́n wà!" lóhùn tí gbogbo ilé mì. Láti ìgbà náà kò pa ìpàdé kan jẹ rí, ibà ì báà máa ṣe é. Gbogbo wa mọ ìdí rẹ̀, a sì dákẹ́ fún un.

"Yàkúbù," Àyọ̀ká pè é.

Ó gbé ojú sókè, ó ń wò wá, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló yẹ kó dáhùn.

"Bàbá mi ti kú," ó ní. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mi ò sí níbẹ̀."

Ó pa ìwé náà dé. Mo lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú un jókòó láàárín àwọn obìnrin, èmi tí n kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ ni mo pe ìyókù. Nígbà tí òkú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n parí, Madame Ramatou na ìwé tuntun sí mi. Ó nu ojú rẹ̀ nídìí awò, ó sì mú bíírò.

Orúkọ méjìléláàádọ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ti obìnrin. Mo pe Sàkàrìyáù, ààrẹ. Bàbá fi ọ̀pá ti ara wọn dìde. "Èmi rèé," wọ́n ní, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ilé ìwé. Mo pe orúkọ kejì.

"Àyọ̀ká, akọ̀wé, olùtọ́jú ilé ọmọdé."

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo rò pé ẹkún ló dí i lọ́nà. Mo wò ó. Kò sunkún mọ́. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo ojú mi bí àwọn ìyókù ṣe ń wò mí, ó ń dúró kí ẹni tí mo pè dìde.

"Àyọ̀ká," mo pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Ọdún méjìlélógún ló fi ń dìde sí orúkọ kan ṣoṣo nínú ilé yìí. Kò sẹ́ni tó pe tirẹ̀ rí láti iwájú. Orúkọ náà gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá bíi ti ẹlòmíràn. Madame Ramatou ti gbé bíírò lé orúkọ náà. N kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú sí i, n kò gbọdọ̀ nawọ́. Mo ronú kan àwọn ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta, ẹ̀rù sì bà mí débi pé lẹ́tà inú ìwé ń fò lójú mi.

Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. Àyọ̀ká yíjú sí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti sọ fún un pé kó dáhùn. Obìnrin náà kàn ń wò ó. Ìgbà náà ni ojú Àyọ̀ká yí padà. Ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀.

"Háà," ó ní. "Èmi ni. Mo wà."

Madame Ramatou sàmì sí i. Mo pe ìyókù, gbogbo wọn dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kí oṣù kẹfà tó parí, ìwé dé. Wọ́n ti dá ilé ọmọdé sílẹ̀ lọ́wọ́ owó orí. Àyọ̀ká mú un wá bá mi níbi tí mo ti ń po ọ̀dà, ó nà án sí mi, ó fi ìka sí abẹ́ ìlà kan.

"Bùọ̀dá, ẹ bá mi ka ibí yìí."

"Ìwọ tó mọ̀wé jù mí lọ?"

"Mo mọ̀. Ẹ kà á."

Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìgbà kejì tí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú ìwé tó kan ẹgbẹ́ wa. Mo kà á sókè. Ó ní kí n tún un kà, mo sì tún un kà.